Èrè ńlá lórí ṣíà tó ti lé lọ́dún lọ́wọ́ wa ní Amẹ́ríkà: èló gan-an ni owó orí rẹ̀?

AjéWọlé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè ni mo gbé wá. Tọkọtaya kan ń gbé ní Texas, owó oṣù àwọn méjèèjì lápapọ̀ jẹ́ $180,000 lọ́dún. Wọ́n ní ṣíà tí wọ́n ti rà tipẹ́, èrè orí rẹ̀ ti di $500,000, wọ́n sì fẹ́ tà á nínú ọdún 2025. Ẹnì kan ní 15% ni owó orí rẹ̀, ẹnì kejì ní 20%, ẹnì kẹta búra pé 23.8% ni. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ṣé bróókà ló máa yọ owó orí náà fún IRS (àjọ agbowó orí Amẹ́ríkà) ni, àbí àwọn fúnra wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà ṣe é, ọ̀rọ̀ ẹnu ti pọ̀ jù.

Bọ̀dá Ìṣirò

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ apá kan, kò sẹ́ni tó mọ gbogbo rẹ̀. Owó oṣù ni ìjọba máa ń kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀, wọ́n á wá to èrè ọlọ́jọ́ pípẹ́ (ti ohun tó ti lé lọ́dún kan lọ́wọ́ yín kí ẹ tó tà á) lé e lórí. Apá kọ̀ọ̀kan nínú èrè yẹn ń san iye ìpele tó bọ́ sí. Ẹni tí èrè rẹ̀ fi dọ́là kan péré wọ ìpele 20%, orí dọ́là kan yẹn nìkan ló ti máa san 20%.

Ní 2025, fún tọkọtaya tó ń fáìlì pọ̀: 0% títí dé $96,700, 15% láti ibẹ̀ títí dé $600,050, 20% lórí ohun tó bá lé. Ẹni tó ń dá fáìlì: $48,350 àti $533,400. Owó tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn àyọkúrò ni àwọn iye wọ̀nyí ń wò.

Ó yá, nọ́ńbà:

Owó oṣù $180,000 àti èrè $500,000, àpapọ̀ $680,000. Ẹ yọ standard deduction (iye tí ìjọba gbà kí ẹ yọ kí wọ́n tó ka owó orí) ti 2025, $31,500. Ó ku $648,500.
Nínú èyí, owó oṣù ló ni $148,500 ìsàlẹ̀. Èrè wá bẹ̀rẹ̀ láti $148,500, ó parí sí $648,500. Ẹ rí i pé owó oṣù ti gba gbogbo àyè 0% tán.
Láti $148,500 dé $600,050 jẹ́ $451,550. 15% rẹ̀ = $67,732.50.
Láti $600,050 dé $648,500 jẹ́ $48,450. 20% rẹ̀ = $9,690.
Àpapọ̀: $77,422.50.

Ibẹ̀ kọ́ ló parí sí. Owó orí mìíràn wà lórí èrè ìdókòwò tí wọ́n ń pè ní NIIT, 3.8%. Ó ń bá ẹni tí owó tó wọlé fún un (kí wọ́n tó yọ standard deduction o) bá kọjá $250,000 fún tọkọtaya, $200,000 fún ẹni tó ń dá fáìlì. Láti 2013 tí òfin náà ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò gbé iye wọ̀nyí sókè rí, ìdí nìyẹn tó fi ń mú èèyàn púpọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ẹ fi èrè náà wé ohun tó lé lórí $250,000, èyí tó bá kéré nínú méjèèjì ni ẹ máa san án lé. Èrè jẹ́ $500,000. Ohun tó lé jẹ́ $430,000. 3.8% ti $430,000 = $16,340. Fọ́ọ̀mù 8960 ni ẹ máa lò fún un.

Gbogbo rẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀: $93,762.50. Ìyẹn ò pé 19% èrè náà. Ẹni tó ní 23.8% (20% pẹ̀lú 3.8%) sọ òótọ́, àmọ́ orí $48,450 òkè yẹn nìkan ni.

Tèmi Làṣà

Bọ̀dá, ẹ kú ìṣirò. Ọ̀kan nínú ṣíà tí tèmi ti ń sún mọ́ ọdún kan. Ṣé tó bá pé ọdún kan géérégé, ó ti di ọlọ́jọ́ pípẹ́ nìyẹn?

Bọ̀dá Ìṣirò

Rárá, ó gbọ́dọ̀ *ju* ọdún kan lọ. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí ẹ rà á ni ìkà bẹ̀rẹ̀. Ṣíà tí ẹ rà ní 10 March 2024, tí ẹ bá tà á ní 10 March 2025, ọlọ́jọ́ kúkúrú ṣì ni. 11 March ló di ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ọjọ́ tí ẹ pàṣẹ títà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí owó wọ àkáùǹtì.

Kí ẹ lè mọ bí ọjọ́ kan yẹn ṣe wọ́n tó: ká ní $500,000 ti AjéWọlé jẹ́ ọlọ́jọ́ kúkúrú, ìpele owó oṣù ni yóò máa gùn, 22%, 24%, 32%, 35%. Owó orí rẹ̀ á di $143,571.50 dípò $77,422.50, NIIT ò sì yí padà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ $66,149.

Ṣíà tí ẹ jogún kò nílò ìkà kankan: ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni lójú òfin, kódà bí olóògbé bá rà á lọ́sẹ̀ tó kú. Ẹ̀bùn ní tirẹ̀ máa ń gbé ọjọ́ orí rẹ̀ àti iye tí ẹni tó fúnni rà á dání wá.

Ìyá Ìbejì MD

AjéWọlé béèrè bóyá bróókà máa yọ owó orí. Kò ní yọ ọ́, àwọn fúnra wọn ló máa san án. Odindi owó ló máa bọ́ sí àkáùǹtì, èèyàn á sì máa rò pé tòun ni gbogbo rẹ̀. Níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn wa ṣe fáìlì, èyí ni wàhálà tó wọ́pọ̀ jù: wọ́n ti fi owó ọ̀hún san ilé kí oṣù April tó dé.

Ọjọ́ ìsanwó láàárín ọdún jẹ́ mẹ́rin, kì í sì í ṣe oṣù mẹ́tamẹ́ta bó ṣe yẹ kó rí:
Títà láti January dé March: 15 April.
April àti May: 15 June.
June dé August: 15 September.
September dé December: 15 January ọdún tó tẹ̀lé e.

Fọ́ọ̀mù 1040-ES ni, ẹ sì lè san án tààrà lórí IRS Direct Pay. Tí ẹ ò bá san án lásìkò, wọ́n á ka èlé sí i lọ́rùn yín. 7% lọ́dún ni ní gbogbo 2025.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Tí AGI yín (owó tó wọlé fún yín kí wọ́n tó yọ standard deduction) ọdún tó kọjá bá lé ní $150,000, tí ohun tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù yín lọ́dún yìí bá sì tó 110% gbogbo owó orí ọdún tó kọjá, wọn ò ní bu ìtanràn lé yín, bó ti wù kí èrè náà tóbi tó. (AGI tí kò tó bẹ́ẹ̀, 100% ni.) Ká ní owó orí tọkọtaya yìí ní 2024 jẹ́ $22,000. 110% rẹ̀ jẹ́ $24,200. Tí wọ́n bá ti yọ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn níbi iṣẹ́ ní 2025, $93,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹn lè jókòó sínú Treasury bill (owó tí a yá ìjọba fún ìgbà díẹ̀) kó máa pa èlé fún wọn títí di 15 April 2026. Tí kò bá tíì tó, kí wọ́n tètè tún W-4 (fọ́ọ̀mù tó ń sọ iye owó orí tí wọ́n máa yọ nínú owó oṣù) ṣe níbi iṣẹ́ kí ọdún tó parí. Ohun tí wọ́n yọ nínú owó oṣù, kódà ní December, IRS kà á bí ẹni pé látìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Owó tí ẹ fọwọ́ ara yín san ò ní àǹfààní yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, Fọ́ọ̀mù 4868 tó ń fún yín láyè dé October, àyè láti *fi ìwé sílẹ̀* ló ń fúnni. Owó ṣì gbọ́dọ̀ wọlé ní 15 April.

Kọ́ọ̀dù_àti_Ẹ̀wà

Kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tech má bàa san owó orí lẹ́ẹ̀mejì lórí RSU (ṣíà tí ilé-iṣẹ́ fi ń sanwó fún òṣìṣẹ́). Èyí ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni.

Lọ́jọ́ tí RSU bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, iye rẹ̀ lọ́jọ́ náà ti wọ W-2 (ìwé owó oṣù ọdọọdún) bí owó oṣù, wọ́n sì ti yọ owó orí rẹ̀. Ká ní ṣíà 200 bọ́ sí yín lọ́wọ́ ní $100: $20,000 ti wọ W-2 nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún méjì ẹ tà á ní $130, ó di $26,000. Èrè yín jẹ́ $6,000 péré. Àmọ́ 1099-B (ìwé títà ṣíà) tí bróókà fi ránṣẹ́ sábà máa ń kọ òdo síbi iye tí ẹ rà á, tàbí kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Tí ẹ bá kó o wọlé bẹ́ẹ̀, TurboTax (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń fáìlì) á ní èrè yín jẹ́ $26,000. Ní 15%, $3,000 ti bọ́ lọ́wọ́ yín láìnídìí.

Ibi tí ẹ ti máa rí iye tó tọ́ ni ìwé kejì tí bróókà máa ń fi pẹ̀lú 1099-B, èyí tí wọ́n pè ní supplemental. Ẹ wo 1099-B dáadáa: tí bróókà kò bá tíì jábọ̀ iye ìrà fún IRS, ẹ kàn kọ iye tó tọ́ sí òpó (e) lórí Fọ́ọ̀mù 8949, ẹ sì mú àpótí E. Tí wọ́n bá ti jábọ̀ iye tí kò tọ́, ẹ fi iye yẹn sílẹ̀ ní (e) bó ṣe wà, ẹ kọ B sí òpó (f), kí ẹ wá fi àtúnṣe sí (g). Ẹni tó pa nọ́ńbà bróókà rẹ́ tó kọ tirẹ̀ lé e, lẹ́tà IRS á wá bá a, torí nọ́ńbà méjèèjì ò ní bára mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ESPP (ṣíà tí òṣìṣẹ́ rà ní ẹ̀dínwó níbi iṣẹ́) ṣe rí.

Bọ̀dá Ìṣirò

Ó dáa bí o ṣe sọ ọ́. Mo fẹ́ fi kún un: ẹni tó rà lẹ́ẹ̀mélòó kan lè yan èyí tí òun fẹ́ tà. Bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, bróókà á kọ́kọ́ ta èyí tó pẹ́ jù, èyí tí èrè rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ jù. Ká ní ẹ ní ṣíà 1,000: 400 tí ẹ rà ní $20 ní 2016, 600 tí ẹ rà ní $90 ní 2022. Ó ti di $150. Ẹ fẹ́ ta 400. Bí bróókà bá mú ti 2016, èrè jẹ́ $52,000. Bí ẹ bá ní ti 2022 ni kí wọ́n mú, $24,000 ni. Ìyàtọ̀ $28,000 yẹn, ní 18.8% (15% pẹ̀lú 3.8% ti NIIT), jẹ́ $5,264 lọ́dún yìí. Ẹ gbọ́dọ̀ yàn án kí títà náà tó parí, ìyẹn ọjọ́ iṣẹ́ kan péré lẹ́yìn tí ẹ pàṣẹ. Tó bá ti kọjá, ó ti kọjá.

Dífídẹ́ńdì tó ń padà ra ṣíà mìíràn fúnra rẹ̀, owó ìrà ni òun náà. Ẹ má gbàgbé ẹ̀ láti kà á mọ́ ọn. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ó máa ń pọ̀.

AjéWọlé

Ẹ ṣé gan-an ni. Tí wọ́n bá ta ìdajì ní December, kí wọ́n ta ìdajì yòókù ní January ńkọ́?

Bọ̀dá Ìṣirò

Ẹ jẹ́ ká wò ó. $250,000 lọ́dún kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ìpele dúró bó ṣe wà. $148,500 + $250,000 = $398,500, kò dé ìpele 20% rárá. 15% jẹ́ $37,500 lọ́dún, $75,000 fún ọdún méjèèjì. NIIT: $430,000 yọ $250,000, ó ku $180,000, 3.8% rẹ̀ jẹ́ $6,840, ìlọ́po méjì jẹ́ $13,680. Àpapọ̀ $88,680. Wọ́n fi $5,082.50 pamọ́.

Èrò tèmi nìyí o, kí ẹni tí kò bá gbà á máa bá tirẹ̀ lọ: bí ṣíà tó kù yẹn bá fi 2% péré já wálẹ̀ láàárín December sí January, ohun tí wọ́n fi pamọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Fún owó tó tó báyìí, ìpín ọdún méjì wúlò fún ẹni tí kò bẹ̀rù ṣíà náà. Ẹni tó ń tà á torí pé ẹ̀rù ń bà á, kó tà á. Ibi tí ìpín ti dára gan-an ni fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tí owó mìíràn kò wọlé fún, torí pé òun lè lo àyè 0% lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Tọkọtaya tí kò ní owó oṣù kankan lè jẹ èrè $128,200 ní 2025 ($96,700 pẹ̀lú $31,500) láìsan kọ́bọ̀ fún ìjọba àpapọ̀.

Ìyá Ìbejì MD

Ìpín ní àǹfààní mìíràn, Bọ̀dá. AGI $680,000 yẹn máa kó bá nǹkan mìíràn. Ẹni tó ní ọmọ méjì, $2,200 ni child tax credit (owó tí wọ́n ń yọ nínú owó orí òbí) lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní 2025, àmọ́ tí AGI tọkọtaya bá kọjá $400,000, $50 ń lọ lórí $1,000 kọ̀ọ̀kan tó lé. Ní $680,000, gbogbo $4,400 ti lọ. Ní $430,000, $1,500 ló máa lọ, $2,900 á kù. Ìyẹn ń yí ìṣirò yín padà díẹ̀.

Roth IRA (àkáùǹtì ìfẹ̀yìntì) náà: tí ẹ bá ti fi owó sí i ní January, kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ máa ta ṣíà, ẹ ti kọjá ibi tí wọ́n gbà yín láyè ($246,000 fún tọkọtaya ní 2025). Ẹ yọ ọ́ padà pẹ̀lú èrè rẹ̀ kí ọjọ́ fáìlì tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ 6% lọ́dọọdún.

Fún àwọn òbí tó wà lórí Medicare (ìbánigbófò ìlera àwọn àgbà): títà ọdún 2025 ló máa gbé owó tí wọ́n ń san lóṣù sókè ní 2027. Ọdún méjì ló fi ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. SSA-44 (fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín in kù) ò lè gbà wọ́n sílẹ̀, torí títa ṣíà kò sí lára ohun tí wọ́n ń gbà níbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Seattle

Texas ni AjéWọlé mẹ́nu bà, ó bọ́ sí i, ìpínlẹ̀ ò gba nǹkan kan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Florida. Kí àwọn tó kù má yọ̀ jù. California ń ka èrè ọlọ́jọ́ pípẹ́ bí owó oṣù, ó lè dé 13.3%. Illinois ń gba 4.95% lórí gbogbo rẹ̀. Washington tí kò gba owó orí lórí owó oṣù ń gba 7% lórí èrè ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó bá kọjá $278,000 ní 2025 (9.9% lórí ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan). Lórí $500,000, 7% ti $222,000 nìyẹn, $15,540. Tọkọtaya àti ẹni tó dá wà ló jọ ń lo $278,000 kan ṣoṣo yẹn, kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ilé àti ilẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Ṣíà ń tẹ̀lé ibi tí ẹ ń gbé lọ́jọ́ tí ẹ tà á. Ẹni tó fẹ́ kó kúrò kó tó tà, kó kó kúrò lóòótọ́: ilé, láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ìforúkọsílẹ̀ ìbò, ilé ìwé ọmọ. Àdírẹ́sì ọ̀rẹ́ ní Houston kò tó.

Ìyá Ìbejì MD

Ẹ má gbàgbé Maryland, ibi tí àwa pọ̀ sí. Láti 2025, wọ́n ti fi 2% mìíràn kún owó orí irú èrè báyìí fún ẹni tí AGI rẹ̀ bá lé ní $350,000. Tọkọtaya yìí ì bá san $10,000 lórí ìyẹn nìkan, kí a tó wá ka owó orí ìpínlẹ̀ àti ti county (3.2% ní Prince George's).

Díákónì Sẹ́yẹ

Ẹ̀yin tó ń san ìdámẹ́wàá, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ má ta ṣíà kí ẹ tó san án. Ẹ fi ṣíà náà gan-an fún ìjọ. Tó bá ti lé lọ́dún kan lọ́wọ́ yín, ẹ ò ní san owó orí lórí èrè rẹ̀, odindi iye rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ẹ sì lè yọ ní 2025 nínú owó tí wọ́n máa ka owó orí lé, títí dé 30% AGI yín. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lè tẹ̀lé yín fún ọdún márùn-ún. Ká ní ṣíà tó tó $40,000 ni, tí ẹ rà ní $5,000. Fún tọkọtaya òkè yìí, $35,000 yẹn ì bá san 23.8%. $8,330 ló bọ́ sílẹ̀ fún wọn.

Ohun tó ń bà á jẹ́: ìjọ gbọ́dọ̀ ní àkáùǹtì bróókà tirẹ̀. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ akápò kó tó di December, ìgbéṣíà máa ń pẹ́. Kí ìjọ kọ lẹ́tà tó sọ orúkọ ṣíà, iye ẹyọ rẹ̀ tí wọ́n gbà, pé wọn ò fún yín ní nǹkan kan padà. Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó fáìlì. Fọ́ọ̀mù 8283 tó bá lé ní $500. Bí ìjọ ò bá ní bróókà, donor-advised fund (àkáùǹtì ìtọrẹ tí IRS mọ̀) lè gbà á lọ́wọ́ yín, kó wá fún ìjọ lówó.

Ìjọ tí IRS mọ̀ ní Amẹ́ríkà ni o. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ tààrà sí ìjọ nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbùkún rẹ̀ wà, àyọkúrò rẹ̀ kò sí. Ṣíà tó ti jẹ gbèsè (tí iye rẹ̀ ti wálẹ̀ ju iye tí ẹ rà á lọ), ẹ má fi tọrẹ. Ẹ tà á, ẹ gba àdánù rẹ̀, kí ẹ fi owó rẹ̀ tọrẹ.

(Bóyá orí owó tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó orí ni ìdámẹ́wàá tàbí orí odindi, ẹ gbé ìyẹn lọ bá pásítọ̀ yín.)

Tèmi Làṣà

Àdánù tí Díákónì dárúkọ yẹn, ṣé mo lè ta èyí tó jẹ gbèsè kí n sì tún rà á padà lọ́jọ́ kejì?

Bọ̀dá Ìṣirò

Ẹ lè rà á, àmọ́ àdánù náà ti bọ́ lọ́wọ́ yín fún ìgbà yẹn. Òfin náà mú ìrà tó bá wà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú títà àti ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọkọ tàbí aya yín bá rà á, tàbí IRA yín, kò yàtọ̀. Ti IRA ló burú jù: àdánù náà á parẹ́ pátápátá, kò ní kún owó ìrà níbì kankan. Ẹ pa dífídẹ́ńdì tó ń ra ṣíà fúnra rẹ̀ kí ẹ tó tà, torí ṣíà mẹ́ta tó rà láìsọ fún yín ti tó láti bà á jẹ́ díẹ̀.

Àdánù ń kọ́kọ́ pa èrè rẹ́, kò sí òté lórí ìyẹn. Bí èrè bá tán, $3,000 lọ́dún ló lè jẹ nínú owó oṣù, ìyókù á máa tẹ̀lé yín láìní ìparí. Crypto kò tíì sí lábẹ́ òfin ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn, àmọ́ owó orí rẹ̀ rí bíi ti ṣíà, bróókà sì ti ń jábọ̀ títà rẹ̀ fún IRS lórí 1099-DA láti orí títà ọdún 2025.

Kọ́ọ̀dù_àti_Ẹ̀wà

Ìyá mi tó ń gbé pẹ̀lú wa kò ní owó tó ń wọlé. Mo lè fún wọn ní ṣíà kí wọ́n tà á ní 0%, àbí?

Ìyá Ìbejì MD

Ó bófin mu tó bá jẹ́ ẹ̀bùn tòótọ́. Ìyá tó ti lé ní 65, tó ń dá fáìlì, lè ní èrè tó lé ní $66,000 ní 2025 láìsan nǹkan fún ìjọba àpapọ̀. Àmọ́ owó náà di tiwọn. Tó bá padà sínú àkáùǹtì yín lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀yin lẹ tà á lójú IRS. Tó bá kọjá $19,000 láti ọwọ́ ẹnì kan, ẹ kọ Fọ́ọ̀mù 709. Ẹ ò ní san nǹkan kan.

Kí ẹ tó ṣe é, ẹ béèrè bóyá ìyá wà lórí SSI tàbí Medicaid (owó àti ìtọ́jú ìlera tí ìjọba ń fún aláìní). $2,000 ni SSI gbà kí èèyàn ní lọ́wọ́. Ṣíà $60,000 á lé wọn jáde lọ́jọ́ tó bá wọlé. Ẹ tún má rò pé ẹ máa fún ìyá, kí ẹ sì jogún rẹ̀ padà kí èrè parẹ́. Ẹni tó bá kú kó tó pé ọdún kan tí ẹ fún un, tí ṣíà náà padà sọ́wọ́ yín, owó ìrà àtijọ́ ló máa bá wá.

Fífún ọmọ kékeré kò wúlò tó bẹ́ẹ̀: èrè tó bá kọjá $2,700, ìpele òbí ni wọ́n ń lò.

Ọmọ Ìbàdàn

Ìbéèrè tó kù ni ilẹ̀ tí a ní nílé. Ẹni tó ní green card tàbí tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń jábọ̀ ilẹ̀ tó tà ní Nàìjíríà fún IRS, bóyá owó náà wọ Amẹ́ríkà tàbí kò wọ̀ ọ́. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò rẹ̀, owó ìrà ní iye dọ́là ọjọ́ ìrà, owó títà ní iye dọ́là ọjọ́ títà. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe. Ká ní ilẹ̀ kan ní Akóbọ̀, ₦8,000,000 ni wọ́n rà á ní 2014 nígbà tí dọ́là jẹ́ ₦160: $50,000. Wọ́n tà á ní 2025, ₦60,000,000, dọ́là jẹ́ ₦1,500: $40,000. Ní náírà, èrè jẹ́ ₦52,000,000. Ní dọ́là, àdánù $10,000 ni. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ìdókòwò, àdánù yẹn lè pa èrè ṣíà rẹ́. Tó bá jẹ́ ilé tí wọ́n ń gbé, kò kà.

Nàìjíríà náà ní tiwọn lórí ₦52,000,000 yẹn. Títí dé ìparí 2025, 10% ni: ₦5,200,000. Láti 1 January 2026, òfin owó orí tuntun ti da èrè bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ owó tó wọlé fún ẹni náà, ó sì ń gun ìpele dé 25%. Ohun tí ẹ san níbẹ̀, Fọ́ọ̀mù 1116 ni ẹ fi ń yọ ọ́ nínú ti Amẹ́ríkà. Àmọ́ nínú àpẹẹrẹ yìí Amẹ́ríkà ò ní owó orí kankan lórí ilẹ̀ náà, nítorí náà ìyọkúrò náà kò ní ibi tó máa bọ́ sí lọ́dún yẹn. Ó lè padà sẹ́yìn ọdún kan, tàbí kó lọ síwájú ọdún mẹ́wàá. Kò sí àdéhùn owó orí láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì tó lè gbà yín.

Iye dọ́là tí ẹ bá yàn, kí ẹ dúró lórí ẹ̀. Ẹ má lo ti báńkì nígbà ìrà kí ẹ wá lo ti Bureau de Change nígbà títà.

AjéWọlé

Mutual fund tí wọ́n ní ní báńkì kan ní Èkó ńkọ́? Òun náà ti lé lọ́dún márùn-ún.

Ọmọ Ìbàdàn

Ẹ gbàgbé 15% lórí ìyẹn. PFIC (fọ́ńdù ìdókòwò ilẹ̀ òkèèrè) ni IRS ń pè é, Fọ́ọ̀mù 8621. Bí wọn ò bá ti yan ọ̀nà mìíràn láti ọdún àkọ́kọ́, wọ́n á pín èrè náà sórí gbogbo ọdún tí wọ́n fi dì í mú. Ti ọdún àtẹ̀yìnwá á gba iye tó ga jù lọ lọ́dún kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ka èlé mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ fowó sí ọjà nílé, ṣíà ilé-iṣẹ́ gan-an lórí NGX (ọjà ṣíà Nàìjíríà) sàn ju fọ́ńdù lọ fún ẹni tó ń fáìlì ní Amẹ́ríkà. Owó tó bá sì kọjá $10,000 lápapọ̀ nínú àwọn àkáùǹtì yín nílé, kódà fún ọjọ́ kan péré tí owó ilẹ̀ wọlé, FinCEN 114 (fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń jábọ̀ àkáùǹtì ilẹ̀ òkèèrè) ti wọ̀ ọ́. Kò sí owó lórí fáìlì náà, orí ayélujára ni, 15 April, pẹ̀lú àyè dé 15 October láìtọrọ.

Ìyá Ìbejì MD

Kí ẹni tó ń ta ilẹ̀ tọ́jú risíìtì ìrà, ti sọ̀fíò, ti lọ́yà, ti fẹ́ǹsì tí wọ́n kọ́ yí i ká. Gbogbo ìyẹn ni owó ìrà, ní iye dọ́là ọjọ́ tí wọ́n san ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó ọmọ onílẹ̀ tí kò ní risíìtì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ san án, kí ẹni tó gbà á buwọ́ lù ú.